Ìjábọ̀ àti Àtúnṣe Àbùkù Sọ́fítíwíà Sáfà Nínú Ẹ̀yà Linux

Ìjábọ̀ àti àtúnṣe àbùkù sọ́fítíwíà sáfà ni ètò tí àwọn tó ń lo ẹ̀yà Linux kan (ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà pẹ̀lú sọ́fítíwíà tí a kó jọ mọ́ ọn), bíi Debian tàbí Ubuntu, fi ń sọ ohun tó bàjẹ́ nínú sọ́fítíwíà tó ń dá kọ̀ǹpútà mìíràn lóhùn lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tí àwọn olùtọ́jú sì fi ń wádìí rẹ̀, tí wọ́n ń dá àbùlẹ̀ sí i, tí wọ́n sì ń pín èyí tí wọ́n tún ṣe fún gbogbo ẹni tó ń lò ó. Lára irú sọ́fítíwíà bẹ́ẹ̀ ni Apache àti nginx tó ń gbé ojúewé wẹ́ẹ̀bù jáde, PostgreSQL àti MariaDB tó ń tọ́jú dátà, Postfix tó ń pín ímeèlì, àti OpenSSH tí alábòójútó fi ń wọlé sórí ẹ̀rọ láti ọ̀nà jíjìn. Àbùkù ni àpilẹ̀kọ yìí pe ohun tí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pè ní bọ́ọ̀gì.

Ẹni tó hun ún àti ẹni tó pa á láró

Àwọn tó ń gbé ẹ̀yà Linux jáde kọ́ ló kọ èyí tó pọ̀ jù nínú sọ́fítíwíà tó wà nínú rẹ̀. Àwọn olùpilẹ̀ṣẹ̀ ló kọ ọ́. Iṣẹ́ àwọn tó ni ẹ̀yà Linux ni láti kó o jọ, kí wọ́n tún un tò kó lè bá ìyókù mu, kí wọ́n sì sọ ọ́ di àdìpọ̀ tí àṣẹ apt lè gbé sórí ẹ̀rọ. Ní Òṣogbo, ìlú aró, ìyàtọ̀ yìí kò ṣòroó ṣàlàyé, nítorí ẹni tó hun aṣọ kọ́ ló pa á láró: bí aró bá ń ṣí, aláró là ń lọ bá, bí òwú bá ń já, ahunṣọ ni. Bákan náà, bí Apache kò bá dìde nítorí pé fáìlì ètò rẹ̀ wà níbi tí kò yẹ, olùtọ́jú àdìpọ̀ ni ọ̀rọ̀ kàn. Bí ó bá ń ṣi ìbéèrè kan kà, ọ̀rọ̀ di ti olùpilẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó ń jábọ̀ kì í sábà mọ ibi tí àbùkù ti wá, kò sì pọn dandan kó mọ̀ ọ́n. Ó lè fi ìjábọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀yà Linux tó ń lò. Bí ó bá yẹ bẹ́ẹ̀, olùtọ́jú a fi àmì "upstream" sí i, a sì gbé e lọ sọ́dọ̀ olùpilẹ̀ṣẹ̀.

Kíkọ ìjábọ̀

Debian, tí Ian Murdock dá sílẹ̀ ní oṣù Kẹjọ 1993, ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ níhìn-ín, nítorí pé ìwé ìjábọ̀ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé láti kà. Orí ímeèlì ni Ian Jackson gbé ètò náà kà nígbà tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1994, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń ṣe é títí di òní. Ìlà àkọ́kọ́ ìwé náà ń dárúkọ àdìpọ̀, ìlà kejì ń sọ ẹ̀dà rẹ̀, ìròyìn fúnra rẹ̀ ló sì tẹ̀ lé e. Ìjábọ̀ kọ̀ọ̀kan ń gba nọ́ńbà tirẹ̀, gbogbo èsì tí ẹnikẹ́ni bá sì kọ sí nọ́ńbà yẹn ni yóò máa wà lábẹ́ rẹ̀.

Àṣẹ kan wà tó ń jẹ́ reportbug, tó ń mú kí kíkọ rẹ̀ rọrùn. Kó tó gba ìjábọ̀ tuntun, ó máa ń kọ́kọ́ fi àwọn tó ti wà nílẹ̀ lórí àdìpọ̀ náà han ẹni tó ń kọ̀wé, kí ènìyàn mẹ́wàá má baà wá sọ ọ̀rọ̀ kan náà lọ́nà mẹ́wàá. Lẹ́yìn èyí, ó ń fi ẹ̀dà àdìpọ̀, irú ẹ̀rọ, kernel (ọkàn ètò ìṣiṣẹ́) tó ń ṣiṣẹ́, àti ẹ̀dà àwọn àdìpọ̀ mìíràn tí èyí gbára lé kún ìwé náà fúnra rẹ̀. Ó tún lè fi fáìlì ètò tí alábòójútó ti yí padà kún un, ibẹ̀ sì ni ewu wà: pásíwọ́ọ̀dù dátábéèsì sábà máa ń wà nínú irú fáìlì bẹ́ẹ̀, ìjábọ̀ tó bá sì ti jáde kò ṣeé pè padà. Ó yẹ kí a ka ìwé náà láti òkè délẹ̀ kí a tó fi ránṣẹ́.

Ìròyìn tó wúlò ń sọ ohun tí a ṣe, ohun tó ṣẹlẹ̀, àti ohun tí a ń retí kó ṣẹlẹ̀. "Sáfà kò ṣiṣẹ́" kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Èyí tó níye lórí jù lọ lójú olùtọ́jú ni ìgbésẹ̀ tí òun náà lè tẹ̀ lé lórí ẹ̀rọ tirẹ̀ kí àbùkù náà lè yọjú. Láti rí ìgbésẹ̀ bẹ́ẹ̀, a ń gbé àdìpọ̀ náà sórí ẹ̀rọ tuntun tí kò sí nǹkan mìíràn lórí rẹ̀, a ń fi fáìlì ètò wa sí i, a sì ń gé fáìlì náà sí méjì léraléra títí tí ìlà díẹ̀ tó ń fa wàhálà yóò fi dá wà. Ọgbọ́n gígé sí méjì yìí kan náà ni àṣẹ git bisect ń lò fún kóòdù: bí ìyípadà 1,000 bá wà láàárín ẹ̀dà tó dára àti èyí tó bàjẹ́, ìdánwò bíi 10 péré ti tó láti rí èyí tó ba nǹkan jẹ́. Ìjábọ̀ tí wọn kò rí irú ìgbésẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún máa ń gba àmì "moreinfo" tàbí "unreproducible", ó sì lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe le tó

Ìpele 7 ni Debian ní, láti "critical" títí dé "wishlist". Mẹ́ta tó wà lókè, ìyẹn "critical", "grave" àti "serious", lè lé àdìpọ̀ kan kúrò nínú ìtẹ̀jáde tó ń bọ̀. Àwọn tó ń jábọ̀ sábà máa ń gbé ọ̀rọ̀ tiwọn ga ju bó ṣe yẹ lọ, olùtọ́jú a sì rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Àtúnṣe láìpààrọ̀ ẹ̀dà

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ sáfà ti yàtọ̀ jù lọ. Ẹni tó ń bójú tó sáfà ń fẹ́ kí àbùkù lọ, kò sì fẹ́ kí ohunkóhun mìíràn yí padà, nítorí pé ẹ̀dà tuntun lè mú ìwà tuntun wá tí yóò dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró. Nítorí náà, bí ìtẹ̀jáde kan bá ti fìdí múlẹ̀, àwọn olùtọ́jú kì í sábà gbé ẹ̀dà tuntun láti ọ̀dọ̀ olùpilẹ̀ṣẹ̀ wọ inú rẹ̀. Wọ́n ń yọ kìkì àtúnṣe náà nínú ẹ̀dà tuntun, wọ́n sì ń rán an mọ́ ti àtijọ́.

Àpẹẹrẹ tó gbajúmọ̀ jù ni ti Heartbleed, àbùkù OpenSSL (sọ́fítíwíà tó ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ tó ń kọjá lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì) tí nọ́ńbà CVE rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tí a fi ń dá àbùkù ààbò kan mọ̀, ń jẹ́ CVE-2014-0160. Ó ti wà láti ẹ̀dà 1.0.1 tó jáde ní oṣù Kẹta 2012, wọ́n sì kéde rẹ̀ ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin 2014. Olùpilẹ̀ṣẹ̀ tún un ṣe nínú ẹ̀dà 1.0.1g, àmọ́ 1.0.1e ni Debian 7 ń lò, orí 1.0.1e náà ló sì dúró sí. Èyí tí wọ́n tún ṣe gba orúkọ 1.0.1e-2+deb7u5. Ohun tó wà ṣáájú àmì "-" jẹ́ ti olùpilẹ̀ṣẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́ ti olùtọ́jú. "Deb7u5" sì ń sọ pé ìmúdójúìwọ̀n karùn-ún fún Debian 7 nìyí. Ẹni tó bá wo 1.0.1e nìkan yóò rò pé sáfà náà ṣì wà nínú ewu. Àṣìkà yìí ṣì wọ́pọ̀ láàárín àwọn ayẹ̀wéwò àti àwọn ẹ̀rọ ayẹ̀ààbò-wò, ó sì ti fa ọ̀pọ̀ ìjábọ̀ tí kò nídìí.

Bí àtúnṣe bá ti wọlé, olùtọ́jú a kọ "Closes:" pẹ̀lú nọ́ńbà ìjábọ̀ náà sínú ìwé ìyípadà àdìpọ̀, ìjábọ̀ náà a sì tì fúnra rẹ̀. Pé ó ti tì kò fi hàn pé ó ti dé orí gbogbo ẹ̀rọ, nítorí pé ètò náà ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ẹ̀dà tí wọ́n ti rí àbùkù àti ẹ̀dà tó ti kúrò nínú rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Àbùlẹ̀ tó ya aṣọ

Àtúnṣe náà lè di àbùkù. Ní 2006, irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Valgrind, tó ń wá àṣìṣe nínú bí sọ́fítíwíà ṣe ń lo ìrántí ẹ̀rọ, ń ṣe ìkìlọ̀ nípa OpenSSL, ẹnì kan sì fi ọ̀rọ̀ náà jábọ̀ fún Debian. Láti pa ìkìlọ̀ náà lẹ́nu mọ́, wọ́n yọ ìlà kóòdù kan tó ń kó ohun àìròtẹ́lẹ̀ jọ fún ṣíṣe kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀. Ohun tó ṣẹ́ kù tó ń yàtọ̀ láti ìgbà dé ìgbà ni nọ́ńbà iṣẹ́ tó ń lọ lórí ẹ̀rọ, èyí tí kì í sábà ju 32,768 lọ. Fún irú kọ́kọ́rọ́ kọ̀ọ̀kan lórí irú ẹ̀rọ kan, ọ̀tá lè ka gbogbo èyí tó ṣeé ṣe tán láàárín àkókò kúkúrú. Àbùkù yìí wà nínú Debian, Ubuntu àti àwọn mìíràn tó ti ara wọn jáde láti oṣù Kẹsàn-án 2006 títí di ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún 2008, nígbà tí wọ́n kéde ohun tí Luciano Bello rí. Gbígbé àdìpọ̀ tuntun sórí ẹ̀rọ nìkan kò tó. Gbogbo kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n ti ṣe láàárín àkókò náà ni wọ́n ní láti pààrọ̀. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ olùtọ́jú ti gbà pé ó dára kí àbùlẹ̀ tí ẹ̀yà Linux bá dá máa lọ sọ́dọ̀ olùpilẹ̀ṣẹ̀, kí ẹni tó hun aṣọ náà lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Àbùkù ààbò

Èyí tó bá lè ṣí ilẹ̀kùn fún olè ni a kì í kọ síta. Ẹgbẹ́ ààbò ẹ̀yà Linux náà ni a ń kọ̀wé sí ní ìkọ̀kọ̀, kí àtúnṣe lè wà nílẹ̀ kí ìròyìn tó tàn. Nọ́ńbà CVE, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1999, ló jẹ́ kí gbogbo ẹ̀yà mọ̀ pé ohun kan náà ni wọ́n ń sọ. Ní oṣù Kẹta 2024, Andres Freund kíyè sí i pé wíwọlé nípasẹ̀ ssh lórí ẹ̀rọ Debian òun ń pẹ́ ju tàtẹ̀yìnwá lọ ní nǹkan bí ìlàjì ìṣẹ́jú-àáyá. Ó tọ̀ ọ́, ó sì bá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí ẹnì kan mọ̀ọ́mọ̀ fi sínú ẹ̀dà 5.6.0 àti 5.6.1 ti xz, sọ́fítíwíà tó ń fún fáìlì pọ̀ kó lè kéré.

Àwọn ẹ̀yà mìíràn

Ubuntu ń gba ìjábọ̀ lórí ìkànnì tó ń jẹ́ Launchpad. Àtúnṣe fún ìtẹ̀jáde rẹ̀ tó ti fìdí múlẹ̀ ń wà ní ibi ìdánwò fún ó kéré tán ọjọ́ 7. Fedora, ẹ̀yà Linux mìíràn, ń gba tirẹ̀ lórí Bugzilla.

Ní Òṣogbo

Ibùdó tí wọ́n ti ń darí iná ọba gbogbo Nàìjíríà wà ní Òṣogbo, síbẹ̀ iná máa ń lọ lójijì níbẹ̀ bíi ti àwọn ìlú yòókù. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí alábòójútó ní láti yà sọ́tọ̀ ni àbùkù sọ́fítíwíà àti ìpalára tí iná ṣe. Àṣẹ dpkg --verify ń fi fáìlì àdìpọ̀ wé bó ṣe rí nígbà tí wọ́n gbé e wọlé. Bí fáìlì kan tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn bá yàtọ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ díìsìkì ló ní ẹ̀bi. Aago náà ṣe pàtàkì: aago Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣáájú UTC, aago àjùmọ̀lò gbogbo ayé, nítorí náà ó dára kí ẹni tó ń jábọ̀ sọ èyí tí àkọsílẹ̀ sáfà rẹ̀ ń lò. Níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò bá sì ti dúró, reportbug lè kọ ìjábọ̀ sínú fáìlì, kí a wá fi ránṣẹ́ nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì bá padà.

Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ ń mú ọ̀rọ̀ kan wá tí ẹni tó ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan dán sáfà wò kò ní bá pàdé. Lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ Ọ̀ṣun kò ní àmì kan ṣoṣo nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà gbogbo èdè. A lè kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí Ọ pẹ̀lú àmì ohùn, tàbí Ò pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀. Lójú, ọ̀kan náà ni wọ́n. Nínú dátábéèsì, wọ́n yàtọ̀, wíwá ọ̀kan kì í sì í mú èkejì jáde. PostgreSQL kò ka èyí sí àbùkù, ó sì ní iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ normalize láti ẹ̀dà 13 tí a lè fi sọ méjèèjì di ọ̀kan kí a tó tọ́jú wọn.

Èyí tí ó yẹ kí a bẹ̀rù jù ni ìyípadà ìlànà títo ọ̀rọ̀. Nígbà tí ẹ̀dà 2.28 ti glibc, àkójọ kóòdù tí ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà Linux gbára lé, dé pẹ̀lú Debian 10 ní 2019, ètò títo ọ̀rọ̀ yí padà, atọ́ka tí PostgreSQL ti tò lábẹ́ ìlànà àtijọ́ kò sì bá a mu mọ́. Dátà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìwádìí lè sọ pé kò sí. Àṣẹ REINDEX ló ń tún un ṣe, lẹ́yìn gbogbo ìgbésókè tó bá kan glibc ni ó sì yẹ kí a ronú nípa rẹ̀, kí a tó kọ ìjábọ̀ pé PostgreSQL sọ dátà nù.