Bí Àwòrán Omi Ṣe Dé Ọ̀sà Ìjẹ̀bú

Àwòrán omi ni àwòrán tó ń fi ìjìnlẹ̀ omi àti ọ̀nà inú rẹ̀ han atukọ̀. Lára àwọn ìwé tó pẹ́ jù lọ tí orúkọ Ìjẹ̀bú wà nínú wọn ni ìwé kan tí wọ́n kọ fún àwọn atukọ̀. Ọ̀gá ọkọ̀ kan, ọmọ Pọtogí, Duarte Pacheco Pereira, ló kọ ọ́ ní nǹkan bí ọdún 1505 sí 1508, kí àwọn ọkọ̀ ọba wọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ ibi tí wọ́n á gbà wọlé àti ibi tí wọ́n á sá fún. Ó ní tí òkun bá kún, ẹnu omi tí à ń pè ní ẹnu ọ̀sà Èkó lónìí kì í jìn ju ìwọ̀n apá méjì lọ, ìyẹn kí èèyàn na apá rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ewu wà níbẹ̀, torí yanrìn ti gbá jọ sábẹ́ omi, ìgbì sì ń fọ́ lé e lórí fún ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún, débi pé agbára káká ni ojú fi ń rí ọ̀nà. Ọkọ̀ kékeré tí kò ju tọ́ọ̀nù 30 sí 35 lọ ni kó dán an wò. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti kọjá ẹnu yẹn, omi á là gbalasa níwájú rẹ̀. Tó bá wá wọ inú lọ ní líìgì 12 sí 13, á dé ìlú ńlá kan tó pè ní "Geebuu", tí yàrà ńlá yí ká, tí wọ́n ń pe ọba rẹ̀ ní "Agusale".

Ọmọ Ìjẹ̀bú tó bá ka ìyẹn á rẹ́rìn-ín, á sì dárí jì í. Awùjalẹ̀ ni ọkùnrin yẹn fẹ́ pè. Ohun tó wù mí jù nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ìṣirò ọ̀nà náà. Líìgì kan àwọn Pọtogí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà mẹ́fà, èyí tó sọ líìgì 12 sí 13 di kìlómítà 70 sí 78. Bí ẹyẹ bá fò tààrà láti Ìsàlẹ̀ Èkó dé Ìjẹ̀bú-Òde lónìí, nǹkan bíi 70 náà ni yóò fò. Èmi ò rò pé òun fúnra rẹ̀ ló wọn ọ̀nà yẹn. Àwọn tó ń tu ọkọ̀ lọ tí wọ́n ń tu ọkọ̀ bọ̀ ló bi léèrè, wọ́n sọ fún un, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó tún kọ iye tí ọjà jẹ́: ẹrú kan, ẹ̀gbà idẹ 12 sí 15; ó ní wọ́n ń ta eyín erin díẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìjìnlẹ̀ omi, bí ọ̀nà ṣe jìn tó, ọba ìlú, iye owó ọjà. Ìpínrọ̀ kan ṣoṣo ni, ètò ìrìn àjò oníṣòwò sì ti parí sínú rẹ̀. Ó burú pé èèyàn wà lára ọjà náà, ṣùgbọ́n bí àwòrán omi ṣe bẹ̀rẹ̀ níbí nìyẹn, kò sí bí a ṣe lè fi omi fọ̀ ọ́.

Àwọn tó wà nínú ọ̀sà kò nílò ìwé. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú etí omi, àwọn Àwórì, àwọn Ìlàjẹ àti àwọn Ijaw ló ń lo omi yìí, ọ̀pá ni ìwé tiwọn. Ẹ wo ọ̀pá tí wọ́n fi ń ti ọkọ̀ dáadáa. Ó gùn ju èèyàn méjì lọ. Atukọ̀ a dúró sí ìdí ọkọ̀, a sọ ọ́ sómi, a fi ara tẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ a sún, a fà á yọ, a tún sọ ọ́. Nígbà tó bá kan yanrìn, ọwọ́ á gbọ́ ọ: ó le, ó ń ha, ọ̀pá ò wọlé. Tó bá jẹ́ ẹrẹ̀ ni, ọ̀pá á rọra rì, nígbà tí o bá sì fẹ́ fà á, ẹrẹ̀ náà á fà á mọ́ ọ lọ́wọ́. Ibi tí omi dé lára ọ̀pá ni ìjìnlẹ̀. Ohun tó lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀ ni irú ilẹ̀ tó wà nísàlẹ̀. Ọkọ̀ kò dúró, ẹnikẹ́ni kò kọ nǹkan kan, síbẹ̀ atukọ̀ ti wọn ọ̀sà láti èbúté kan dé èkejì.

Òjé làwọn Òyìnbó ń lò fún iṣẹ́ yẹn kan náà. Wọ́n á so òjé wúwo mọ́ okùn gígùn, wọ́n á fi awọ àti èkísà sàmì sí okùn náà, oríṣiríṣi, kí ẹni tó dì í mú lè fi ọwọ́ mọ iye ìwọ̀n tó ti wọ omi, kódà nínú òkùnkùn. Ihò kékeré kan wà nídìí òjé náà tí wọ́n máa ń fi ọ̀rá ẹran dí. Tí òjé bá kanlẹ̀, yanrìn tàbí ẹrẹ̀ tàbí ìkarahun á lẹ̀ mọ́ ọ̀rá yẹn, wọ́n á fà á sókè, wọ́n á wò ó. Tí a bá ti mójú kúrò lára irin àti okùn, ohun kan náà ni òjé àti ọ̀pá ń ṣe. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni pé ẹnì kan wà lórí ọkọ̀ Òyìnbó tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti kọ ohun tí òjé sọ sílẹ̀. Ní ọdún 1795, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù fún kíkó irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ jọ. Ohun tí ọ̀pá bá sọ fún bàbá ní Èjìnrìn, ọmọ ló ń sọ ọ́ fún, bí ọmọ bá fẹ́ gbọ́.

Bí ètò ìrìn àjò àwọn ará ilé ṣe rí kò le. Ọjọ́ ọjà ló ń pinnu ọjọ́ tí wọ́n á ṣí. Ọjà Èjìnrìn ni olórí gbogbo wọn: epo, èkùrọ́, aṣọ Ìjẹ̀bú àti oúnjẹ oko á sọ̀kalẹ̀ láti òkè wá, iyọ̀ àti ẹrù Òyìnbó á gba orí omi wá láti Èkó. Ọwọ́ àárọ̀ ni wọ́n ń ṣí, torí omi a máa pa lọ́lọ́ lówùúrọ̀, ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀sán, atẹ́gùn òkun á ti ìwọ̀ oòrùn gúúsù wá, á sì ru ọ̀sà sókè. Tí òjò bá ń bẹ̀rẹ̀ tàbí tó bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, ìjì a máa já láti ìlà oòrùn, ó lè bo ọkọ̀ kékeré mọ́lẹ̀ kó tó dé etí ilẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n fi ń rìn gẹ́gẹ́ etí omi, kódà bí àárín ọ̀sà bá yá ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ogun ló wá sọ àwòrán omi di ọ̀rọ̀ kánjúkánjú. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì wá lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó, ọ̀kan nínú wọn, Teazer, há sórí yanrìn níwájú ìbọn àwọn ará Èkó. Ẹ̀kọ́ yẹn wọ̀ wọ́n létí. Kòsọ́kọ́ kó àwọn èèyàn rẹ̀ àti ọkọ̀ rẹ̀ sínú ọ̀sà, ó di Ẹ̀pẹ́, lórí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ibi tó mọ̀ tí àwọn tó ń lé e kò mọ̀. Ọdún 1854 ni wọ́n tó bá a ṣe àdéhùn níbẹ̀. Lójú tèmi, bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá ti mọ ojú omi dé Ẹ̀pẹ́ lọ́dún 1851, àdéhùn yẹn ì bá má wáyé rárá.

Ọkùnrin kan wà tí ìtàn yìí kò lè fò dá, John Hawley Glover, ẹni tí àwọn ará Èkó sọ di Gólóbà. Ọmọ ogun ojú omi ni. Odò Ọya ló ti ṣiṣẹ́ kó tó dé Èkó. Àwọn ará Yúróòpù ti ń wá inú odò náà tipẹ́: ní 1830, Richard àti John Lander fi ọkọ̀ kékeré sọ̀kalẹ̀ láti Búsà títí dé òkun, ìgbà yẹn ni àwọn ará ilẹ̀ wọn tó mọ ibi tí odò náà ń já sí. Ní 1832 sí 1833, William Allen wọn odò, ó sì yà á. Ní 1854, ọkọ̀ Pleiad, tí Samuel Àjàyí Crowther wà nínú rẹ̀, wọ odò nígbà tí omi ń kún, ó sì jáde lọ́dún kan náà láìpàdánù ọmọ Yúróòpù kan ṣoṣo, torí pé wọ́n ń lo egbòogi ibà kuníìnì lójoojúmọ́. Ìrìn àjò odò ńlá, àsìkò omi lolórí rẹ̀. Ọkọ̀ Dayspring tó tẹ̀ lé e ní 1857 kò ríre bẹ́ẹ̀. Ó forí sọ àpáta nítòsí Jẹ́bà, Glover sì wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá sí Èkó, ó wọn omi ibẹ̀, ó sì di alákòóso ìlú náà ní àwọn ọdún 1860. Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá dó ti Ìkòròdú ní 1865, ọ̀nà omi ni àwọn ọmọ ogun tó rán lọ gbà dé ilẹ̀ Rẹ́mọ.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1892, àwòrán omi ṣiṣẹ́ fún ẹni tó ni ín. Àwọn ọ̀nà orí ilẹ̀ ni Ìjẹ̀bú ń ti pa, tí wọ́n ń ṣọ́ tọwọ́tẹsẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó ọmọ ogun sínú ọkọ̀ ní Èkó, wọ́n gba orí ọ̀sà, wọ́n sọ̀kalẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́, wọ́n wá fẹsẹ̀ rìn sókè títí wọ́n fi bá Ìjẹ̀bú jà ní Ìmàgbọn, létí odò Yemọjí. Ọjọ́ kejì ni wọ́n wọ Ìjẹ̀bú-Òde, Awùjalẹ̀ Túnwáṣe sì ni ọba nígbà náà.

Èèyàn á rò pé láti ìgbà yẹn ni wọ́n á ti ya gbogbo ọ̀sà tán. Rárá o. Owó ló ń pinnu ibi tí òjé ń lọ. Ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í là láti Èkó ní 1896 gba Abẹ́òkúta dé Ìbàdàn, kò ya sí Ìjẹ̀bú. Iyanrìn ẹnu ọ̀sà kò tíì jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá wọ Èkó, Forcados, èbúté kan ní ẹnu Odò Ọya, ni wọ́n ti ń já ẹrù sínú ọkọ̀ kéékèèké. Láti 1908 ni wọ́n ti ń to òkúta wọ inú òkun láti lè jẹ́ kí ẹnu náà jìn, gbogbo ìwọ̀n wíwọ̀n sì kó síbẹ̀. Títí di òní, ẹni tó bá ṣí àwòrán omi Èkó á rí i pé nọ́ńbà ìjìnlẹ̀ kún èbúté Àpápá àti Tin Can bí èèrà. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ jìn nínú omi ni wọ́n ya á fún. Nígbà tí ọ̀nà mọ́tò sì wá mú ẹrù kúrò lórí omi, tí Èjìnrìn rọ, ta ló tún kù tí yóò wọn ọ̀nà Ìwópin? Ẹ̀fẹ̀ ibẹ̀ ni pé ìjọba kọ́ ilé iṣẹ́ pépà sí Ìwópin, létí omi gan-an.

Ọlọ́kọ̀ kékeré kò kọ́kọ́ bìkítà, torí ọkọ̀ alájẹ̀ lè rìn níbi tí omi kò ju orúnkún lọ. Ẹ́ńjìnnì ìdí ọkọ̀ ló yí ọ̀rọ̀ padà. Ní 1909 ni Ole Evinrude bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní Amẹ́ríkà, nígbà tó yá ó dé ọ̀dọ̀ wa. Abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ máa ń wà nísàlẹ̀ ju ikùn ọkọ̀ lọ, eré rẹ̀ sì ń sọ kùkùté di ohun tí ń pani. Bí igi bá kan ọkọ̀ alájẹ̀, wọ́n á tì í, wọ́n á máa lọ. Bí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tí èrò kún inú rẹ̀ bá gbá a, ọkọ̀ lè ya. Igi gẹdú tí wọ́n ń so pọ̀ tí wọ́n ń fà lọ sí ibi ìlagi ní Èkó a máa já sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Àwọn apẹja ń ri igi mọ́lẹ̀ fún àkájà wọn, ìyẹn ọgbà igi inú omi tí ẹja ń sá sí. Ní 1984, koríko orí omi tó ní òdòdó àlùkò gba Bàdágìrì wọlé láti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ó sì bo ojú omi tí gbogbo èyí wà lábẹ́ rẹ̀.

Ẹni tó bá ní àwòrán omi lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ mọ ohun tí nọ́ńbà inú rẹ̀ ń sọ. Omi tó kéré jù ni wọ́n ń kọ, ìyẹn ìgbà tí òkun fà tán. Ní Èkó, ìyàtọ̀ láàárín omi kíkún àti omi fífà tó nǹkan bíi mítà kan. Bí a bá ṣe ń lọ sí ìlà oòrùn, agbára òkun ń dín kù. Ọ̀sà Lẹ́kkí, tó fẹ̀ tó kìlómítà 247 níbùú lóròó, omi aládùn ni. Odò Ọ̀ṣun àti odò Ọ̀ni ló ń bọ́ ọ. Ibi tó jìn jù níbẹ̀ jẹ́ mítà 6.4, ṣùgbọ́n ibi púpọ̀ kò tó mítà mẹ́ta. Òjò ló ń pàṣẹ níbẹ̀. Ní ìhà Májídùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìkòròdú, omi tí wọ́n bá tú sílẹ̀ láti ìdídò Ọ̀yán náà ń dá sí i.

Àjọ NIWA, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1997 láti máa bójú tó ọ̀nà omi inú ilẹ̀, àti àjọ ìpínlẹ̀ Èkó jọ fa ọ̀rọ̀ àṣẹ orí omi títí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fi dá NIWA láre ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024. Láàárín ìyẹn, fóònù ti dé ọwọ́ gbogbo atukọ̀. Àwòrán tí sátẹ́láìtì yà ń fi etí omi hàn kedere, erékùṣù kò lè sá pamọ́, ṣùgbọ́n kò wo abẹ́ omi. Níbi tí àwọn awakùsà yanrìn bá sì ti ń ṣiṣẹ́, bíi ìhà Báyékù, ilẹ̀ abẹ́ omi àná lè ti di ihò lónìí.

Ohun tí fóònù lè ṣe ni kó rántí ọ̀nà tí ọkọ̀ rẹ gbà. Bí èmi bá fẹ́ fi ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ sí Ìwópin pamọ́ sórí rẹ̀, oṣù ni màá kọ́kọ́ kọ mọ́ orúkọ rẹ̀, torí ibi tí ọkọ̀ gbà kọjá wọ́ọ́rọ́ ní oṣù Kẹwàá, tí Ọ̀ṣun ti gbé omi dé, lè jẹ́ ibi tí abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì á ti wa yanrìn ní oṣù Kejì. Lẹ́yìn náà ni màá dúró níbi tí ọ̀nà bá ti há, kí ọmọ ọkọ̀ ki ọ̀pá bọ omi, kó pe ìwọ̀n rẹ̀, kí n sì kọ ọ́ sílẹ̀.