Bí Katakata Kan Ṣe Ń Ro Oko Ọ̀pọ̀ Àgbẹ̀

Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ní Nàìjíríà ni oko wọn kò tó hẹ́kítà 2, ìyẹn nǹkan bí éékà 5. Katakata tó lágbára lè tú irú oko bẹ́ẹ̀ tán láàárín ọjọ́ kan. Bí àgbẹ̀ náà bá wá fi ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù náírà ra tirẹ̀, kí ni yóò máa fi ṣe ní àwọn ọjọ́ tó kù nínú ọdún? Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ẹnì kan ló máa ń ni katakata, tí ọ̀pọ̀ èèyàn á sì máa háyà rẹ̀, tí kálukú á san owó iye ilẹ̀ tí wọ́n bá tú fún un.

Háyà katakata kì í ṣe ohun tuntun. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ ti ń ṣe é, àmọ́ púpọ̀ nínú katakata wọn ló dẹnu kọlẹ̀ nítorí àìrí ẹ̀yà ara ẹ̀rọ rà àti àìtọ́jú. Ohun tó yí padà ni ọ̀nà tí olóko àti oníkatakata fi ń rí ara wọn: orí fóònù ni wọ́n ti ń pàdé báyìí. Ilé-iṣẹ́ tó gbajúmọ̀ nídìí rẹ̀ ni Hello Tractor, tí ọmọ Amẹ́ríkà kan, Jehiel Oliver, dá sílẹ̀ ní 2014. Nàìjíríà ló ti bẹ̀rẹ̀, kó tó dé Kenya àti àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà mìíràn.

Orí aṣojú, ìyẹn ẹni tó ń so àgbẹ̀ àti oníkatakata pọ̀, ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ni kò ní fóònù ìgbàlódé, nítorí náà aṣojú ló ń wọ abúlé lọ: á kọ orúkọ, á wọn ilẹ̀, á béèrè ohun tí kálukú fẹ́ gbìn. Kò sí oníkatakata tí yóò rin kìlómítà 40 nítorí éékà kan. Epo dísẹ́ẹ̀lì ń jó lójú ọ̀nà, táyà ń jẹ, kò sì sẹ́ni tó ń sanwó ìrìn yẹn. Ṣùgbọ́n bí àgbẹ̀ 30 bá ní éékà kọ̀ọ̀kan ní agbègbè kan náà, hẹ́kítà 12 nìyẹn, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin fún katakata kan. Oníkatakata á dìde lọ, aṣojú á sì gba ẹ̀tọ́ tirẹ̀ nínú owó náà.

Kí ọjọ́ iṣẹ́ tó pé, aṣojú tó mọṣẹ́ á fẹsẹ̀ rin oko kọ̀ọ̀kan. Kùkùté ló ń wá. Lápá Òkè-Ògùn, kùkùté igi emi tí koríko bò mọ́lẹ̀ lè fọ́ àwo irin tó ń tú ilẹ̀. Owó ọjọ́ náà lọ nìyẹn, gbogbo àgbẹ̀ tó ń retí á sì jókòó títí wọn yóò fi rí òmíràn. Aṣojú á wo ọ̀nà oko pẹ̀lú, bóyá ó fẹ̀ tó, bóyá afárá igi ló wà lórí odò. Ó tún gbọ́dọ̀ mọ iye ìgbà tí katakata máa kọjá lórí ilẹ̀ náà: irin àkọ́kọ́ á dojú ilẹ̀ bolẹ̀, èkejì á fọ́ ògúlùtu, ẹ̀kẹta á sì kó iyẹ̀pẹ̀ jọ sí ebè gígùn fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ. Owó ọ̀tọ̀ ni fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Oníkatakata náà ní ìbẹ̀rù tirẹ̀. Dírẹ́bà lè fi katakata ọ̀gá rẹ̀ tú oko méjì kún iṣẹ́ tí wọ́n rán an, kó sì kó owó rẹ̀ sápò. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń so ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ katakata náà, tó ń fi GPS mọ ibi tó wà, tó sì ń ka wákàtí tí ẹ́ńjìnì fi ṣiṣẹ́. Ọ̀gá á wo ojú fóònù rẹ̀, á rí ilẹ̀ tí wọ́n tú. Wákàtí yìí náà ló ń sọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì, kí ẹ́ńjìnì má bàa kú láìtọ́jọ́.

Òjò ló wá ń ṣòfin fún gbogbo wọn. Ní ìhà gúúsù, nǹkan bí oṣù kẹta sí ìkẹrin ni òjò ń bẹ̀rẹ̀. Ní òkè ọya, ó lè di oṣù karùn-ún tàbí ìkẹfà. Àwọn oníkatakata kan máa ń tẹ̀ lé òjò lọ sókè, kí ẹ̀rọ wọn lè rí iṣẹ́ ṣe ju oṣù díẹ̀ lọ lọ́dún.

Ṣùgbọ́n láàárín agbègbè kan náà, ọ̀sẹ̀ kan náà ni gbogbo èèyàn ń fẹ́ katakata, ibẹ̀ sì ni ọ̀ràn ti le jù. Nínú àáró, ìpàdé àwọn ẹlẹ́gbẹ́ ló ń pín ọjọ́. Níbí, bí oko ṣe súnmọ́ ara wọn ló ń pín in. Ẹni tí oko rẹ̀ dá wà, tí kò sì tóbi, ló ń kẹ́yìn, ẹni tó bá sì pẹ́ kó tó gbìn lẹ́yìn tí òjò bẹ̀rẹ̀, ìkórè rẹ̀ yóò dín kù. Mi ò rí ohun tó lè gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ bí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó máa jọ béèrè katakata lórúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, tí oko kékeré yóò sì wọ inú ìwé kan náà pẹ̀lú oko ńlá.

Àkọsílẹ̀ iṣẹ́ tí aṣojú àti ẹ̀rọ kékeré ara katakata yẹn ń kó jọ ti ń ṣí ọ̀nà mìíràn sílẹ̀. Aṣojú tó bá ti fi hàn pé òun lè kó àgbẹ̀ tó pọ̀ jọ lè gba katakata láwìn, kó máa san án díẹ̀díẹ̀ nínú owó ilẹ̀ tó ń tú, nítorí ẹni tó yá a lówó ń rí bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́.