Síísìn ti parí, iyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni

Ọ̀kun o, gbogbo ilé. Ní ṣọ́ọ̀bù bábà ní Kàbà, níbi tí wọ́n ti ń ṣáàjì fóònù ní Mọ́pà, àbí lábẹ́ igi kajú ní Ìyàrá nígbà tí wọ́n bá ń ṣa kajú lọ́wọ́, èèyàn lè bá àwọn méjì tí wọ́n ń jiyàn lórí ewúrẹ́, tí ohùn ti ròkè, tí ẹni tí ò mọ̀dí ẹ̀ á rò pé ewúrẹ́ ẹnì kan ló jẹ iṣu ẹnì kejì. Ewúrẹ́ inú fíìmù ni o. Ó wà nínú síríìsì Amẹ́ríkà kan tí wọ́n ń pè ní Severance, inú ọ́fíìsì abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ti ń sìn wọ́n, ọkùnrin kan jókòó síbẹ̀ ó ń fi fídà fún ọmọ ewúrẹ́ ní wàrà mu, ó ní wọn ò tíì tó gbà. Síísìn kìíní, ìyẹn ọ̀wọ́ ẹ́písóòdù àkọ́kọ́, parí ní oṣù kẹrin 2022, kò sẹ́ni tó ṣàlàyé ohun tí ewúrẹ́ wá ṣe ní ọ́fíìsì, síísìn kejì ò sì dé títí di oṣù kìíní 2025. Ọdún méjì àtoṣù mẹ́sàn-án tí iyàn ewúrẹ́ wà nílẹ̀ nìyẹn.

Ẹni tó bá ń gbọ́ ọ lókèèrè á ní eré ọmọdé ni. Kì í ṣe eré rárá, iyàn yẹn ní ọ̀nà tó ń gbà, ó ní òfin, ó sì ní bí wọ́n ṣe ń mọ ẹni tó jàre. Ẹni tí ò bá tíì wo Severance tó sì fẹ́ wò ó, inú ìtàn ẹ̀ la máa wọ̀ báyìí o, ẹ lọ wò ó tán kẹ́ ẹ tó padà wá.

Kí ló tiẹ̀ ń fa ìdúró tó gùn tó bẹ́ẹ̀? Láyé àtijọ́ kì í gùn báyìí. Star Trek àkọ́kọ́, síríìsì àwọn tó ń fi ọkọ̀ rìn láàárín ìràwọ̀, bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 1966, bí òun àti ọ̀pọ̀ síríìsì ìgbà yẹn ṣe máa ń ṣe ni pé tí ìgbà ooru wọn lọ́hùn-ún bá dé wọ́n á sinmi, tó bá tún di nǹkan bí oṣù kẹsàn-án wọ́n á padà. Ní 18 oṣù kẹfà 1990, Star Trek ìran kejì, ìyẹn The Next Generation, fi Picard tó jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tá, wọ́n ti sọ ọ́ di ara wọn, igbákejì ẹ̀ sì pàṣẹ pé kí wọ́n yìnbọn, ibẹ̀ gan an ni wọ́n pa tẹlifíṣàn sí. Ó di 24 oṣù kẹsàn-án kí èyí tó kù tó jáde. Oṣù mẹ́ta péré, àwọn tó dúró nígbà náà sì ń ròyìn ẹ̀ títí dòní bí ẹni ń ròyìn ìyàn.

Báyìí, ẹ́písóòdù mẹ́jọ lè gba ọdún mẹ́ta. Síísìn kẹrin Stranger Things, síríìsì Amẹ́ríkà tó ní ẹranko abàmì nínú, parí ní 1 oṣù keje 2022, ìkarùn-ún ò bẹ̀rẹ̀ àfi 26 oṣù kọkànlá 2025. Láti oṣù kìíní 2024 dé oṣù kejìlá ni wọ́n fi yà á, wọ́n yà á tán ó tún gbà wọ́n ní nǹkan bí oṣù mọ́kànlá kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń jẹ àkókò yẹn jù. Ìṣẹ́jú àáyá kan nínú fíìmù, àwòrán 24 ni, ìṣẹ́jú kan ṣoṣo wá di àwòrán 1,440, tí ẹranko abàmì tí kò sí láyé bá sì wà nínú ẹ̀, ẹnì kan ló máa mọ ara ẹranko yẹn, ẹlòmíì ló máa mú un rìn, ẹlòmíì ló máa tan iná sí i lára kí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ bá ti ibi tí òṣèré dúró sí mu, dírẹ́kítọ̀ á wò ó á ní kí wọ́n tún un ṣe, wọ́n á tún un ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan ìró, orin, àti títúmọ̀ ẹ̀ sí èdè tó pọ̀ jaburata. Ní 2023 ìyanṣẹ́lódì tún wọ ọ̀rọ̀ náà, àwọn tó ń kọ ìtàn dáṣẹ́ sílẹ̀ ní 2 oṣù karùn-ún fún ọjọ́ 148, àwọn òṣèré tẹ̀ lé wọn ní 14 oṣù keje, tiwọn jẹ́ ọjọ́ 118. Àgbẹ̀ tó bá pàdánù òjò àkọ́rọ̀ mọ̀ pé kì í ṣe iye ọjọ́ tó bọ́ yẹn nìkan ló máa fi pẹ́, torí tí wọ́n bá padà dé, òṣèré kan ti gba iṣẹ́ míì, ilé tí wọ́n fẹ́ lò ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì.

Ó dáa, síísìn ti parí. Ọ̀sẹ̀ kìíní àti ìkejì, ìbínú àti ayọ̀ ló máa ń wà níbẹ̀, "wọ́n bà á jẹ́", "ó dùn gan an", "kí ló dé tí wọ́n pa á". Ìyẹn ò tíì tó iyàn, kì í sì í pẹ́ tán. Lẹ́yìn ẹ̀ gbogbo ẹ̀ á dákẹ́ bí oṣù kan, àwọn tó kàn ń wò ó láti fi gbádùn ara wọn á bá tiwọn lọ, àwọn tó kù sílẹ̀ á wá padà sí ẹ́písóòdù kìíní.

Àwòtúnwò yẹn ni ìyá gbogbo ẹ̀, mi ò rò pé ohun míì tó o. Èèyàn tó ń wo nǹkan lẹ́ẹ̀kíní, ohun tó kàn ló ń lé. Tó bá ti mọ òpin, ojú ẹ̀ á wá ráyè, á rí ohun tí wọ́n kọ́ sára ògiri, á gbọ́ ọ̀rọ̀ tẹ́nì kan sọ tí kò jọ ohunkóhun nígbà yẹn. Nínú Severance, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ sí ọpọlọ àwọn òṣìṣẹ́, ó di ìlàjì méjì, èyí tó wọ ọ́fíìsì ò mọ̀ bóyá òun láya nílé, èyí tó wà nílé ò mọ iṣẹ́ tóun ń ṣe. Mark, ọ̀kan nínú wọn, gbà pé ìyàwó òun, Gemma, ti kú nínú jàǹbá mọ́tò. Nínú ọ́fíìsì obìnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Ms. Casey, òun ló ń pe àwọn òṣìṣẹ́ jókòó tó ń fi ọ̀rọ̀ tù wọ́n nínú, ohùn ẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ojú ẹ̀ ò ṣí. Ìgbà tí síísìn fẹ́ parí ni wọ́n jẹ́ ká mọ̀ pé òun ni Gemma. Ẹni tó bá padà wo ibi táwọn méjèèjì ti jókòó kojú ara wọn, ọkọ àti aya tí wọn ò dá ara wọn mọ̀, á yé e pé kì í ṣe fíìmù tó wò lẹ́ẹ̀kan ló ń wò yẹn mọ́. Ibẹ̀ ló ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara ẹ̀ pé, kí ló tún kọjá lójú mi?

Látinú ìbéèrè yẹn ni tíọ́rì, ìyẹn àbá tí èèyàn dá lórí àṣírí inú ìtàn, ti ń jáde. Tíọ́rì tó bá dáa ní nǹkan mẹ́ta lápò: ìbéèrè tó ṣe kedere, ẹ̀rí tí èèyàn lè fọwọ́ tọ́ka sí nínú ẹ́písóòdù, àti ohun tó gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ ní síísìn tó ń bọ̀ tó bá jẹ́ òótọ́. Ẹ̀kẹta yìí làwọn èèyàn kì í fẹ́ fi sí i. Tẹ́nì kan bá ní "ẹ ṣáà máa wò ó, nǹkan ńlá ń bọ̀", kò sọ nǹkan kan, torí kò sí bó ṣe máa kùnà. Tó bá ní àwọn nọ́ńbà tí Mark àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ń ṣà sínú àpótí lórí kọ̀ǹpútà lójoojúmọ́ ní nǹkan ṣe pẹ̀lú Gemma, ìyẹn ti fi ọrùn sílẹ̀, síísìn kejì lè dá a láre, ó sì lè dójú tì í. Ó wá dá a láre, fáìlì kọ̀ọ̀kan tí Mark bá parí, ọkàn tuntun kan ló ń dá sínú Gemma.

Àwọn àgbà wa máa ń pa àlọ́ àpamọ̀, ẹni tó pa á ti ní ìdáhùn lọ́wọ́ kó tó ní "àlọ́ o". Èèyàn á rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni ti síríìsì. Kì í rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo o. Èyí tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ti Picard ní 1990, Michael Piller tó kọ apá kìíní ò mọ bóun ṣe máa parí ẹ̀ nígbà tó ń kọ ọ́. Gbogbo àwọn tó fi oṣù mẹ́ta wá ẹ̀rí inú apá kìíní, wọ́n ń wá ohun tí ẹnì kankan ò tíì fi síbẹ̀. Torí náà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn tíọ́rì, ó yẹ kí wọ́n bi ara wọn bóyá ẹni tó kọ ọ́ ti mọ ìdáhùn. Bí wọ́n ṣe máa ń mọ̀ ni pé tí nǹkan kan bá fara hàn lẹ́ẹ̀mẹta ní ẹ́písóòdù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí kò sì wúlò fún ìtàn ọjọ́ yẹn, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ gbé e síbẹ̀ ni. Tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré ní òpin síísìn, tó kàn ba èèyàn lẹ́rù, ẹ ṣọ́ra fún un.

Ká padà sórí ewúrẹ́. Àwọn kan lókèèrè ní wọ́n fi ń dán ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi sínú ọpọlọ àwọn òṣìṣẹ́ wò ni, àwọn míì ní ẹ̀dà ohun ẹlẹ́mìí ni wọ́n ń ṣe. Àmọ́ ẹni tó dàgbà ní ilẹ̀ Ọ̀kun, tó mọ ohun tí wọ́n ń fi ẹran ọlọ́wọ̀ ṣe nílé baba ẹ̀, ohun tó máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé ẹbọ ni. Ilé iṣẹ́ tó ń júbà olùdásílẹ̀ ẹ̀ tó ti kú, tó ní ère ẹ̀, tó ní orin ẹ̀, tó tún ń sin ewúrẹ́ lábẹ́ ilẹ̀? Nígbà tí síísìn kejì parí ní oṣù kẹta 2025, wọ́n mú ewúrẹ́ kan jáde pé kí wọ́n pa á kí ẹ̀mí ẹ̀ lè ṣamọ̀nà ẹ̀mí obìnrin kan lọ bá olùdásílẹ̀. Àwọn tó pè é lẹ́bọ ló sún mọ́ ọn jù. Ìdí tó fi yẹ kí gbogbo ayé dá sí iyàn yìí nìyẹn, nǹkan tó ṣókùnkùn sí ẹnì kan, ojú lásán ni ẹlòmíì fi ń rí i.

Bí wọ́n ṣe ń wò ó níbí náà ń yí bí iyàn ṣe ń lọ padà. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ní owó láti san ní oṣooṣù, dátà wọ́n, iná ò dúró, nítorí náà ẹni tó sanwó á fi dátà òru dà á sórí fóònù, àwọn mẹ́rin márùn-ún á pé lé e lórí, fóònù yẹn lè kúrò ní Kàbà kó tọwọ́ dé ọwọ́ títí á fi dé Ìsánlú, ẹni tó wà ní Ẹ̀gbẹ̀ á tún dúró dè é. Wọn kì í wà ní ẹ́písóòdù kan náà láé. Torí ẹ̀ ni ìbéèrè tó máa ń tẹ̀ lé ìkíni fi jẹ́ ibo lèèyàn dé.

"Ọ̀kun, ẹ̀gbọ́n. Ẹ́písóòdù mélòó lẹ wò dé?"

"Ìkẹrin. Má sọ nǹkan kan tó kọjá ẹ̀ o."

Ó parí, ìkẹrin ni ọ̀rọ̀ máa mọ, ì báà jẹ́ pé ẹni tó béèrè ti wo gbogbo ẹ̀ tán. Ẹni tó bá tú u fún ẹlòmíì ti gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ̀ tí kò lè dá padà, torí wíwò àkọ́kọ́ kì í ṣeé ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Òfin yìí le ju gbogbo èyí tó kù lọ, ó sì yẹ kó le.

Tí síísìn tuntun bá ti ń sún mọ́lé, trailer, fíìmù kúkúrú tí wọ́n fi ń polówó ẹ̀, á jáde, wọ́n á sì máa dá a dúró ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan láti wá ẹ̀rí. Ẹ̀rí trailer ló rọ jù nínú gbogbo ẹ̀rí. Àwọn tó ṣe é á gbé ọ̀rọ̀ tẹ́nì kan sọ ní ẹ́písóòdù kejì sórí àwòrán ẹ́písóòdù keje, á wá jọ pé èyí ló fa ìyẹn.

Nígbà míì ìdúró á di ìdágbére. Ní 1968 lẹ́tà tó pọ̀ gan an làwọn tó fẹ́ràn Star Trek kọ kí síísìn kẹta tó wá. Ní oṣù karùn-ún 2018 ilé iṣẹ́ tó ń gbé The Expanse, síríìsì míì, jáde ní àwọn ò ṣe mọ́, àwọn tó ń wò ó dáwó, wọ́n fi bààlúù fa báńà kọjá lórí ọ́fíìsì Amazon ní Kalifóníà, kí oṣù yẹn tó parí Amazon ti ní òun gbà á, ó sì dé síísìn kẹfà. Kì í ṣe ariwo nìkan ló ṣe é, àwọn tó ti fi ọdún mélòó kan jiyàn pọ̀ mọ ara wọn, wọ́n sì mọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lè ṣe.

Severance ti gba àṣẹ síísìn kẹta, ìdúró sì ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tó wà nílẹ̀ báyìí kì í ṣe ewúrẹ́ mọ́. Mark inú ọ́fíìsì ti mú Gemma dé ẹnu ọ̀nà, obìnrin yẹn jáde, ó ń pariwo pé kó máa bọ̀, ọkùnrin náà wò ó, ó yíjú padà, ó di ọwọ́ Helly, ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní ọ́fíìsì tó fẹ́ràn, mú, wọ́n jọ sá wọnú lọ. Àwọn kan ní ó já ìyàwó ẹ̀ sílẹ̀, wọn ò fẹ́ gbọ́ nǹkan míì. Àwọn kan ní ẹni tó wà ní ọ́fíìsì ò fẹ́ Gemma rí, kò lọ tọrọ ẹ̀ nílé baba ẹ̀, kò jẹun ìgbéyàwó kankan, tó bá sì gba ẹnu ọ̀nà yẹn jáde, òun fúnra ẹ̀ lè má jí mọ́ láé. Ta ni ọkọ Gemma nínú àwọn méjèèjì?