Àwòrán X-ray Kan Kò Lè Di Odidi Egungun

Ọ̀rọ̀ kan kì í tán lẹ́nu àwọn ènìyàn ní Ìlọrin: pé bí àwòrán X-ray kan bá ti wà lọ́wọ́ ẹni, kọ̀ǹpútà lè sọ ọ́ di odidi egungun tí a ó máa yí wò níwájú lẹ́yìn, kí owó CT, ìyẹn àwòrán tí ẹ̀rọ ń yà láti ìhà púpọ̀ yí ara ká, sì kù sápò. Pé àwòrán pẹlẹbẹ ni X-ray kò ní àríyànjiyàn nínú. Ohun tí wọn kò fẹ́ gbọ́ ni pé ohun tó ti sọnù nínú rẹ̀ kò sí níbi tí kọ̀ǹpútà ti máa wá a.

Bí ìtànṣán bá ń gba inú ara kọjá, gbogbo ohun tó bá pàdé ni yóò bù nínú agbára rẹ̀, àpapọ̀ ohun tí wọ́n bù náà nìkan ni àwòrán sì ń fi hàn, láìsọ ibi tí èwo ti bù ú. Ẹ ya ihò mẹ́rin sórí ìwé, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀, kí ẹnìkan fi ọmọ ayò kọ̀ọ̀kan sínú méjì nínú wọn láìjẹ́ kí ẹ rí i. Bí ó bá ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni ó wà lókè àti nísàlẹ̀, ẹyọ kọ̀ọ̀kan sì ni ó wà lọ́tùn-ún àti lósì, ẹ kò tíì mọ ihò tí wọ́n wà, nítorí ó lè jẹ́ òkè òsì pẹ̀lú ìsàlẹ̀ ọ̀tún, ó sì lè jẹ́ òkè ọ̀tún pẹ̀lú ìsàlẹ̀ òsì. Ẹ kíyèsí i pé ìhà méjì ni a ti wò ó, kì í ṣe ẹyọ kan, ihò mẹ́rin péré sì ni. Àfi kí a tún kà á láti igun dé igun kí ọ̀rọ̀ tó yanjú.

Johann Radon, onímọ̀ ìṣirò, fi hàn ní 1917 pé bí àpapọ̀ láti gbogbo ìhà bá wà, a lè rí ohun náà gbà padà. Gbogbo ìhà ni ó wí. Nígbà tí ẹ̀rọ CT tí Godfrey Hounsfield ṣe ya ọpọlọ aláìsàn àkọ́kọ́ ní London ní 1971, ìhà 180 ni ó ti wò ó.

Àwọn ètò kọ̀ǹpútà òde òní tó ń sọ àwòrán kan di odidi kò rí ẹ̀yìn ohun tí a fún wọn. Ẹ̀yìn àwọn mìíràn tí wọ́n ti rí rí ni wọ́n fi ń dí àlàfo náà. Ẹ fún wọn ní fọ́tò iwájú ère Èsìẹ́ kan, wọn yóò dá ẹ̀yìn tó rẹwà fún un, bóyá tirẹ̀ ni, bóyá ti ère mìíràn. N kò sọ pé kò wúlò rárá, nítorí níbi tí egungun bá ti rí bí ti gbogbo ayé, ó ṣeé ṣe kí àbá wọn súnmọ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n egungun tó ṣẹ́ kì í sábà rí bẹ́ẹ̀, ìdí tí a fi lọ yà á gan-an nìyẹn.

Èyí kò ní kí gbogbo ẹni tó fi ẹsẹ̀ ṣẹ́ lọ ṣe CT. Dókítà ni yóò sọ ìyẹn. Ẹni tó bá gbé irú odidi egungun bẹ́ẹ̀ wá, ẹ bi í pé láti ìhà mélòó ni wọ́n ti ya àwòrán rẹ̀. Bí ó bá ní ẹyọ kan, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wọn irin tí yóò wọ inú ara yín.