Bí títà ọ̀dọ́ ṣe ń gbé àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Sérbíà ró

Owó tíkẹ́ẹ̀tì àti owó tẹlifíṣọ̀n kò lè gbọ́ bùkátà ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ńlá ní Sérbíà. Títà agbábọ́ọ̀lù ni wọ́n fi ń jẹun. Crvena zvezda, tó gba ife-ẹ̀yẹ Yúróòpù nílùú Bari lọ́dún 1991, àti Partizan, tó dé àṣekágbá ìdíje kan náà lọ́dún 1966, jọ wà ní Belgrade ni. Ọ̀tá ni wọ́n lórí pápá, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà rówó.

Láti kékeré ni wọ́n ti ń kó ọmọ jọ. Èyí tí kò tíì tó ẹgbẹ́ àgbà gbá, wọ́n á yá a fún ẹgbẹ́ kékeré tó ń bá wọn ṣiṣẹ́, kó lọ bá àwọn tó ti gbó fara kanra. Teleoptik ni ti Partizan, Grafičar ni ti Crvena zvezda. Teleoptik ni Matija Nastasić gbà kọjá kí Fiorentina ti Ítálì tó rà á lọ́dún 2011.

Ọjọ́ orí gan-an ni kókó ọ̀rọ̀. Òfin FIFA kò jẹ́ kí ẹgbẹ́ ilẹ̀ òkèèrè gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, àfi ní ìwọ̀nba ọ̀nà díẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni pé ọmọ ọdún 16 lè kọjá láti orílẹ̀-èdè kan nínú EU, ìyẹn àjọṣepọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, sí òmíràn. Sérbíà kò sì sí nínú EU. Ọmọ Croatia, tó wà nínú EU, lè ti dé Jámánì ní ọdún 16. Ojúgbà rẹ̀ ní Belgrade ṣì ní ọdún méjì tí yóò lò nílé. Ọdún méjì yìí ló ń sọ ọmọ di ọjà olówó ńlá, torí inú ẹgbẹ́ àgbà ló ti ń lò ó. Dušan Vlahović ti ń gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ àgbà Partizan ní ọdún 16, àmọ́ ọdún 2018, lẹ́yìn tó pé 18, ló tó wọ Fiorentina. Kété tí Luka Jović pé 18 ni òun náà kúrò ní Crvena zvezda lọ sí Benfica ní Pọ́túgà.

Àwọn ẹgbẹ́ àdúgbò tó kọ́kọ́ tọ́ ọmọ náà ní ìpín tiwọn. Bí wọ́n bá tà á láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, wọ́n á yọ 5% nínú owó náà, wọ́n á pín in fún gbogbo ẹgbẹ́ tó tọ́ ọ láti ọdún 12 sí 23. Ká ní mílíọ̀nù 10 yúrò ni wọ́n tà á, ẹgbẹ́ tó tọ́ ọ láti ọdún 12 títí dé 15 á gba 100,000 yúrò. Owó tó lè tún pápá ṣe nìyẹn.

Wọ́n tún ń ra agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ òkèèrè láti tà. Umar Sadiq, ọmọ Kaduna, gba Partizan kọjá sí Almería ní Sípéènì lọ́dún 2020.

Ibi tó ń dun àwọn olólùfẹ́ jù ni pé àsìkò tí ọjà agbábọ́ọ̀lù ń lọ náà ni ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ìyege Champions League ń lọ, ní oṣù keje àti oṣù kẹjọ. Bí ẹgbẹ́ bá yege, owó ńlá ń bọ̀ láti UEFA, àjọ bọ́ọ̀lù Yúróòpù. Bí wọ́n bá mú ọmọ náà dúró tí wọn kò sì yege, oníbàárà lè ti bá ẹlòmíràn lọ. Nítorí èyí, kóòṣì lè rí ọmọ kan lò ní ìpele kìíní, kó má rí i mọ́ ní ìpele kejì.