Tẹ́ríà Oníwèé Ìran àti Ihò Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀

Inú ilẹ̀ gan-an ni orúkọ tẹ́ríà ti wá, torí terra, ọ̀rọ̀ Látìn fún ilẹ̀, ló bí i. Iṣẹ́ kan pàtó ni wọ́n fi ajá kékeré yìí ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: kó wọ ihò tọ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ lọ, kó máa gbó mọ́ ọn nínú òkùnkùn títí yóò fi gba ẹnu ọ̀nà mìíràn sá jáde. Ẹni tó ti wa òkété rí mọ irú ẹnu ọ̀nà kejì bẹ́ẹ̀ dáadáa. Pípa kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kọ́ ni iṣẹ́ tẹ́ríà. Èyí tó bá ń wá ìjà nísàlẹ̀ á jáde pẹ̀lú ojú yíya, tàbí kó má jáde mọ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn tó ń fi tẹ́ríà ṣọdẹ máa ń sọ bí ẹni pé òfin ni: pé ajá tí bàbá àti ìyá rẹ̀ ti ń gba ife-ẹ̀yẹ níbi ìdíje ẹwà, ẹ̀jẹ̀ ọdẹ ti tán lára rẹ̀. Kì í ṣe òótọ́. Ẹ̀jẹ̀ kì í tán bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú agbo ilé onílù kan. Ká ní wọ́n ṣòfin pé ọkùnrin tí agbádá bá yẹ jù lọ nìkan ni yóò máa fẹ́yàwó níbẹ̀. Wọn ò lé ẹni tó mọ̀lù jáde o; wọn ò kàn béèrè ìlù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́ ni. Ní ìran kìíní, kò sí ohun tó yí padà, ọmọ Àyàn ṣì ni gbogbo wọn. Ní ìran kẹta, ọkùnrin kan tí etí rẹ̀ kò gbọ́ ìyàtọ̀ láàárín ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ á yọjú. Àmọ́ tó bá da agbádá bora, gbogbo ọjà á dúró wò ó, wọ́n á sì fún un níyàwó mẹ́fà. Ọmọ rẹ̀ á kún agbo ilé. Síbẹ̀ ní ìran kẹwàá, ọmọdé kan á gba kọ̀ǹgọ́ lọ́wọ́ àlejò, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi gángan ki bàbá ńlá rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ. Ohun tó ti bọ́ lọ́wọ́ wọn ni ìdánilójú: kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà mọ́ pé oyún tó wà nínú ilé yìí, onílù ni.

Bí ìdíje ẹwà ṣe ń ṣe tẹ́ríà gan-an nìyẹn. Akọ kan á gba ipò kìíní, gbogbo èèyàn á máa gbé abo tiwọn wá bá a, kò sì sẹ́ni tó béèrè bóyá ó ti rí ihò rí. Ìfẹ́ ọdẹ kì í kú síbẹ̀; ó di tẹ́tẹ́.

Ara ajá ló máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́, ìyẹn ni àwọn èèyàn kì í sì í sọ. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tín-ín-rín gan-an, irun ló ń tan ojú jẹ. Ihò tó gbà á kò ní àyè fún ẹlòmíràn tó sanra. Níbi ìdíje, àyà tó jìn dà bí ọlá: ajá dúró ṣánṣán, orí rẹ̀ gùn, gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Nínú ihò, àyà kan náà ni yóò há. Orí wọlé, ejíká wọlé, àyà kọ̀. Ajá ń fi ẹsẹ̀ iwájú gbẹ́ ilẹ̀ sẹ́yìn, ilẹ̀ náà ń dí ọ̀nà lẹ́yìn rẹ̀, afẹ́fẹ́ ń dínkù.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi ọwọ́ wọn àyà. Adájọ́ á dúró lẹ́yìn ajá, á gbé ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ kúrò nílẹ̀ díẹ̀, á fi ọwọ́ méjèèjì ká àyà rẹ̀ lẹ́yìn ejíká. Ó yẹ kí àtàǹpàkò méjèèjì pàdé lókè, kí ìka yòókù pàdé nísàlẹ̀. Nǹkan bí ínṣì 14 yíká àyà ni ọ̀pọ̀ ọlọ́dẹ kà sí òpin. Lẹ́yìn náà, á rọra fún un, kó mọ̀ bóyá egungun ìhà ń tẹ̀, torí àyà tó le bí igbá kò wúlò lábẹ́ ilẹ̀ bó ti wù kó kéré tó. Ìlànà Kennel Club ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú ìwé ìran ajá, béèrè fún ìwọ̀n ọwọ́ yìí lára oríṣi tẹ́ríà méjì, Border Terrier àti Parson Russell. Kò béèrè fún un lára oríṣi mìíràn, Fox Terrier, ara Fox Terrier sì fi hàn. Nítorí náà, ìwé ìran, ìyẹn àkọsílẹ̀ bàbá àti ìyá ajá, kọ́ ló jẹ̀bi. Ohun tí adájọ́ bá fọwọ́ kàn ló ń dúró, èyí tí kò bá fọwọ́ kàn ló ń ṣí lọ.

Bẹ́ẹ̀ ojú lásán lè ríran. Lọ́dún 1819, John Russell, akẹ́kọ̀ọ́ ní Oxford tó padà di àlùfáà ní Devon, rí abo ajá kan tó ń jẹ́ Trump lọ́wọ́ ẹni tó ń ta wàrà. Ó rà á lójú ẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò tíì rí i níbi iṣẹ́ rí. Ìrísí rẹ̀ ló rà, àmọ́ ojú ẹni tó mọ ihò ló fi wò ó. Òun náà sì wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ Kennel Club lọ́dún 1873.

Àwọn ará Jámánì gba ọ̀nà mìíràn. Inú bí àwọn ọlọ́dẹ kan sí bí Fox Terrier ṣe ń di ajá ìdíje, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ oríṣi tẹ́ríà tuntun fún ọdẹ, Jagdterrier. Ọdún 1926 ni ẹgbẹ́ rẹ̀ dìde. Ọmọ ajá mẹ́rin tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, dúdú tó ní àmì pupa, inú Fox Terrier oníwèé ìran ni wọ́n ti wá. Wọ́n fi tẹ́ríà àtijọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gùn wọ́n, wọ́n sì sọ ìdánwò ọdẹ di dandan kí ajá tó bímọ. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ní ó ti tán ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, ìdánwò Earthdog ti American Kennel Club bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1994. Ní ìpele Junior rẹ̀, ajá á gba ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n fi pákó ṣe, ẹsẹ̀ bàtà 30 pẹ̀lú kọ́nà mẹ́ta, títí dé ọ̀dọ̀ eku tó wà nínú àgò. Ọ̀pọ̀ ajá ìdíje ń yege, ó sì dára. Ṣùgbọ́n ínṣì 9 ni ìbú àti gíga ọ̀nà náà, ajá kò sì ní láti gbẹ́ ilẹ̀ kó tó kọjá. Ọkàn ló ń dán wò, kò dán àyà wò.

Láti ọdún 2005 tí òfin ti ká ọdẹ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ lọ́wọ́ kò ní Ẹ́ńgílándì àti Wélísì, eku ni iṣẹ́ ọ̀pọ̀ tẹ́ríà, òfin sì gbà á láàyè. Eku kò béèrè àyà tóóró bí ihò ṣe ń béèrè rẹ̀. Ẹgbẹ́ kan ní New York, Ryders Alley Trencher-fed Society, máa ń kó ajá lọ sáàárín àpò ìdọ̀tí lóru, àwọn kan nínú ajá náà sì jẹ́ ọmọ ìlà ìdíje. Àwọn tó kéré jù ló ń wọ abẹ́ àpò lọ lé eku síta. Àwọn tó ga dúró sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń dúró de ohun tó máa jáde.