Ó ń kàwé geere, síbẹ̀ kò yé e: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ní oṣù kẹfà ọdún 2022, Báńkì Àgbáyé, UNESCO, UNICEF àti àwọn alájọṣe wọn kéde pé tí a bá kó 100 ọmọ ọdún 10 jọ ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò fi bẹ́ẹ̀ lówó, nǹkan bíi 70 nínú wọn ni kò lè ka àyọkà kékeré kan kó sì yé wọn. Kí àrùn Kòrónà tó dé, 57 ni àwọn tí kò lè ṣe é. Nígbà tó di oṣù Kejìlá ọdún 2023, èsì PISA, ìdánwò àgbáyé kan fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́, fi hàn pé àwọn ọmọ ọdún 15 ní àwọn orílẹ̀-èdè ẹgbẹ́ OECD, tó rọ́wọ́ họrí, náà ti fi máàkì bíi 10 rẹ̀yìn nínú ìwé kíkà sí ti ọdún 2018. Ohun tó wá ń rú ọ̀pọ̀ òbí lójú ni pé ọmọ tó wà nílé wọn ń kàwé sókè ketekete.

Ṣé wọ́n ń sọ pé àwọn ọmọ yìí kò dá álífábẹ́ẹ̀tì mọ̀ ni?

Àwọn kan kò dá a mọ̀. Àwọn mìíràn ń pe ọ̀rọ̀ dáadáa, ìtumọ̀ ni kò wọlé. Àwọn olùṣèwádìí méjì, Gough àti Tunmer, sọ ọ́ bí ìṣirò ní ọdún 1986: ẹ mú agbára láti pe ohun tí a kọ, ẹ fi agbára láti gbọ́ èdè náà yé sọ ọ́ di púpọ̀, òye ìwé nìyẹn. Ìsọdipúpọ̀ ni o, kì í ṣe àròpọ̀. Bí ọ̀kan bá jẹ́ òdo, òdo ni gbogbo rẹ̀, bó ti wù kí ohùn ọmọ náà dùn tó.

Ṣùgbọ́n ọmọ mi máa ń gba gbogbo ìbéèrè àkàyé rẹ̀.

Ẹ ka gbólóhùn yìí: "Kùlúmọ́ àgbà máa ń fìńdó ní etí ṣagalà." Níbo ni kùlúmọ́ àgbà ti máa ń fìńdó? Ní etí ṣagalà. Ẹ ti gba máàkì kíkún, ẹ kú oríire. Kò sì sí ohun tó ń jẹ́ kùlúmọ́. Bí ọ̀pọ̀ ìbéèrè àkàyé ṣe rí nìyẹn: ọmọ á wá ọ̀rọ̀ inú ìbéèrè kàn nínú àyọkà, á sì da èyí tó tẹ̀lé e kọ.

Ìbéèrè tó ń dán òye wò máa ń wá ohun tí a kò kọ sílẹ̀ tààrà. Ká ní àyọkà sọ pé: "Inú omi tó dúró sójú kan ni ẹ̀fọn ń yé sí. Inú omi náà ni ọmọ rẹ̀ ń gbé, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ máa gòkè wá mí afẹ́fẹ́." "Níbo ni ẹ̀fọn ń yé sí?" kò dán nǹkan kan wò. "Bí epo bá bo ojú omi náà, kí ló dé tí ọmọ ẹ̀fọn fi máa kú?" Ẹni tó bá dáhùn èyí ti so gbólóhùn méjì pọ̀, ó sì ti fi ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ kún un, pé epo máa ń léfòó.

Kí ló dé tí ìwé ìmọ̀ fi ń le ju ìtàn lọ?

Ọmọ ti ń gbọ́ ìtàn kó tó mọ ìwé kà: ẹnìkan wà, ó ń wá nǹkan, wàhálà dé, ó yanjú. Àyọkà aláàlàyé kò ní ojú ọ̀nà kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀. Ó lè ṣàpèjúwe, ó lè to ìgbésẹ̀ tẹ̀léra, ó lè fi nǹkan méjì wéra, ó lè sọ okùnfà àti àbájáde, tàbí ìṣòro àti ojútùú rẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké ló ń tú àṣírí: "lẹ́yìn náà" ń tọ́ka sí ìgbésẹ̀, "nítorí náà" sí àbájáde. Ọmọ tó bá sì fo "bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé" lè gbé òdìkejì ohun tí òǹkọ̀wé sọ lọ sílé.

Wọn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ rí irú ìwé yìí. Nígbà tí olùṣèwádìí Nell Duke ṣọ́ kíláàsì kìíní 20 ní Amẹ́ríkà, ohun tó tẹ̀ jáde lọ́dún 2000 ni pé ìṣẹ́jú 3.6 péré ni wọ́n ń lò nídìí ìwé ìmọ̀ lójúmọ́.

Kí ni kí olùkọ́ ṣe gan-an?

Ọ̀nà kan tó ti pẹ́ tó sì ṣì ń ṣiṣẹ́ ni èyí tí àwọn olùṣèwádìí Palincsar àti Brown gbé jáde lọ́dún 1984. Ọgbọ́n mẹ́rin ló wà níbẹ̀: kí ọmọ sọ ohun tó ń retí, kó béèrè ìbéèrè, kó tú ohun tó ta kókó, kó sì sọ ọ́ ní ṣókí.

Ẹ gé àyọkà sí ìpínrọ̀ kan tàbí méjì lẹ́ẹ̀kan. Kí wọ́n tó kà á, kí wọ́n wo àkòrí, àwòrán àti ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rò pé ó máa dá lé. Kí wọ́n kà á jẹ́ẹ́. Kí ẹnìkan béèrè ìbéèrè tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "kí ló dé" tàbí "báwo". Kí wọ́n nawọ́ sí ibi tí kò yé wọn, kí wọ́n tún gbólóhùn tó ṣáájú rẹ̀ àti èyí tó tẹ̀lé e kà. Kí wọ́n wá pa ìwé dé, kí wọ́n sọ ọ́ ní gbólóhùn kan tí kò ju ọ̀rọ̀ 15 lọ. Ẹlòmíì ni kó darí apá tó kàn.

Ibi tó ti sábà máa ń bàjẹ́ ni pé olùkọ́ á kọ orúkọ ọgbọ́n mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sójú pátákó, àwọn ọmọ á há a sórí, ó parí. Ọmọ kò lè rí ohun tó ń lọ nínú orí olùkọ́ àfi tí olùkọ́ bá sọ ọ́ síta: "Mo rí 'nítorí náà' níbí. Kí ló wá fà á? Ẹ jẹ́ kí n padà sókè." Olùkọ́ ni kó kọ́kọ́ máa ṣe é lójú wọn, lẹ́yìn náà kí wọ́n jọ ṣe é, kó tó fi sílẹ̀ fún wọn ní ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́rin tàbí márùn-ún.

Ṣókí náà tún máa ń di àdàkọ gbólóhùn àkọ́kọ́. Ẹ ní kí wọ́n yọ àpẹẹrẹ àti àwítúnwí kúrò, kí wọ́n wá dáhùn méjì péré: kí ni a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, kí sì ni kókó tí wọ́n sọ nípa rẹ̀?

Ṣé kó máa fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀?

Kò léwu, kò sì fi bẹ́ẹ̀ wúlò. Pípa ìwé dé kó sì dán ara rẹ̀ wò dára jù ú lọ fíìfíì.

Ṣé kí á máa kọ́ ọgbọ́n yìí lójoojúmọ́ títí ọdún á fi parí?

Rárá o. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ti tó láti kọ́ ọ. Lílò ló kù. Lọ́dún 1988, Recht àti Leslie fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní àyọkà nípa baseball, eré bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi igi gbá. Àwọn tí kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ìwé kà ṣùgbọ́n tí wọ́n mọ eré náà ṣe dáadáa ju àwọn ọ̀jẹ̀-wé tí kò mọ̀ ọ́n lọ. Kò sí ọgbọ́n tó lè dípò ìmọ̀. Nítorí náà, dípò kí ọmọ ka àyọkà nípa òjò lónìí, ti ìrìnnà lọ́la, ẹ jẹ́ kó ka mẹ́rin tàbí márùn-ún lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Ọ̀rọ̀ tó ṣòro nínú ti àkọ́kọ́ á ti di ojúlùmọ̀ nínú ìkẹta.

Ṣé fóònù ló fà á?

Kì í ṣe òun nìkan. Àmọ́ nígbà tí Delgado àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 54 jọ lọ́dún 2018, ìwé bébà borí ojú ẹ̀rọ díẹ̀ fún àyọkà ìmọ̀, pàápàá tí àkókò bá há. Fún ìtàn, kò sí ìyàtọ̀. Ẹ tẹ àyọkà tó bá le jáde sórí bébà.

Báwo ni mo ṣe lè yẹ ọmọ mi wò nílé?

Ẹ mú àyọkà bí ọ̀rọ̀ 150. Bí ọ̀rọ̀ tí kò mọ̀ bá ju márùn-ún lọ nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ wá òmíràn. Kó kà á, kó pa á dé, kó sọ ohun tó gbọ́, kó sì dáhùn "kí ló dé" kan. Bó bá kùnà, ẹ fi àyọkà mìíràn tó le tó bẹ́ẹ̀ kà sí i létí. Bí èyí bá yé e, pípe ọ̀rọ̀ ló ń dí i lọ́wọ́. Bí èyí náà kò bá yé e, èdè tàbí ìmọ̀ ọ̀rọ̀ náà ló ń jìyà. Ẹ máa bá a sọ̀rọ̀, ẹ máa kàwé fún un.

Ìgbà wo ni kí n bẹ̀rù?

Bó bá ti lo ọdún méjì sí mẹ́ta nílé ẹ̀kọ́ tó ṣì ń to lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kó tó pe ọ̀rọ̀ kékeré, ọgbọ́n òkè yìí kò tíì kàn án. Ẹ kọ́kọ́ yẹ ojú àti etí rẹ̀ wò, kí ẹ sì sọ fún olùkọ́ pé lẹ́tà àti ìró ni kó padà sí pẹ̀lú rẹ̀.